Ohun Tí Ń Kan Ògiri ní Marlbeck

Bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Sájẹ́ǹtì Budd gbé e wọ gbọ̀ngàn lórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, omi ń kán láti ara aṣọ òjò rẹ̀ sórí òkúta ilẹ̀. Bàtà obìnrin ni, aláwọ̀ ewé, ìdè rẹ̀ ti já. Kí Budd tó sọ ibi tí ó ti rí i, Marian Thackwell ti mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ra bàtà náà fún Verity ọmọ rẹ̀ ní ìlú Shrewsbury, àwọn méjèèjì sì jiyàn lórí àwọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Budd ní etí yàrà ló wà, lórí koríko lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí yàrà yìí ti yí ilé Marlbeck ká, omi rẹ̀ dúdú, kò sì sí ẹni tó mọ bí ó ti jìn tó. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tí Verity ti di àwátì ni Marian kò ti fẹ́ wo omi náà lójú. Ní báyìí, àwọn ọlọ́pàá ti wà lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, wọ́n ń fi ìkọ́ onírin tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbàkigbà tí ìkọ́ bá há, ara Marian á bù máṣọ lójú fèrèsé. Bí ó bá wá jẹ́ gbòǹgbò lásán ni wọ́n fà jáde, á mí kanlẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de èyí tó kàn.

Lójú Budd, ọ̀rọ̀ ti parí. Len Gribble, ọmọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe lábúlé, tí Verity ń fẹ́, ló pa á. Wọ́n rí òun àti ọmọbìnrin náà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti àná ni wọ́n sì ti tì í mọ́lé. Ambrose, àbúrò ọkọ Marian, gbá a léjìká mú, ó ní kó ṣe ọkàn akin. Ohùn Ambrose kì í le. Òun ló ń bójú tó ilé láti ìgbà tí Giles ọkọ Marian ti kú, òun ló sì ń mú àwọn àlejò tó ń sanwó wòran yí ilé ká ní Sátidé. Ẹni tó bá rí i bó ti ń fọwọ́ pa àwọn pákó óákù ara ògiri á rò pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò tíì lanu ni Crake, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá rán wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, ọ̀fìnkìn sì ti sọ imú rẹ̀ di pupa. Ìwà rẹ̀ ni kí ó máa tọrọ àforíjì. Ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Marian pé òun wọlé, ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àga tí ó fẹsẹ̀ kọ. Marian ti wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ti bi ara rẹ̀ pé, ṣé ẹni tí wọ́n rí rán sí mi nìyí?

Crake bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gba bàtà lọ́wọ́ Budd, ó ti ìka bọ inú rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, òjò àná ńkọ́?"

"Ó rọ̀ mọ́jú ni, ọ̀gá. Ìgbà tí a jẹun àárọ̀ tán ló tó dá."

"Ibi tí ẹ ti rí bàtà, ṣé igi kankan ṣíji bò ó?"

"Rárá o. Gbalasa ni."

"Ẹ dákun, ẹ ti ìka tiyín náà bọ inú rẹ̀."

Budd ti ìka bọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó tún tì í padà. Marian rí i bí ojú rẹ̀ ti ń yí padà.

"Ó gbẹ, ọ̀gá."

"Ó gbẹ," ni Crake wí. "Bàtà tó sùn síta nínú òjò mọ́jú, inú rẹ̀ gbẹ. Gribble yín sì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ láti àná. Ẹnìkan ló gbé e lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, kí gbogbo wa lè kọjú sí omi. Ẹ ní kí àwọn ọmọ orí ọkọ̀ yẹn jáde kúrò nínú òtútù."

Ó yẹ kí inú Marian dùn. Bóyá ọmọ òun kò sí nínú yàrà yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù àkọ́kọ́ ti ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Alásè ti lọ sílé ìyá rẹ̀ láti ìparí ọ̀sẹ̀. Àwọn tó jí sínú Marlbeck láàárọ̀ náà kò ju òun, Ambrose, àti Ìyá Tabitha arúgbó tó tọ́ àwọn ọmọ ilé náà lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Marian kò gbọ́ òwe yẹn rí láyé rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó yọ èjìká rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ Ambrose, ó ní òun ń lọ se tíì.

*

Ìgbà tó gbé àwo tíì dé pálọ̀ ńlá, Crake ti ń bi Ambrose ní ìbéèrè. Marian jókòó láìgba àṣẹ. Ilé òun ni.

Ambrose ń dáhùn láìkọsẹ̀. Ó ní Verity wọlé láti ẹnu géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ojú wíwú. Òun po kòkó gbígbóná fún un nínú pálọ̀ yìí kan náà, ó mu ún, òun sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò bá a lórí ibùsùn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí. Ó ní òun kò fẹ́ràn Gribble rí, ó sì dun òun pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ lákòókò. Gbogbo rẹ̀ ni Marian ti gbọ́ rí. Crake ń fi orí dáhùn, ó ń fi aṣọ ìnujú nu imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè òmùgọ̀," ló wí nígbà tó yá. "Ilé tó gbó báyìí, ṣé kò ní ibi ìkọ̀kọ̀ kankan?"

Ojú Ambrose mọ́lẹ̀ kedere. Ìbéèrè tí àwọn àlejò Sátidé máa ń bi í nìyẹn. Níta, Marlbeck jẹ́ bíríkì pupa títẹ́jú, fèrèsé ọ̀tún ṣe déédé fèrèsé òsì, nítorí bàbá àgbà Giles kò lè fara da ohunkóhun tó bá wọ́. Ṣùgbọ́n ojú lásán nìyẹn. Lẹ́yìn bíríkì náà, ilé onígi àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, òpó rẹ̀ tẹ̀, àjà rẹ̀ rẹlẹ̀, ọ̀nà inú rẹ̀ ń lọ́ bí ìfun ẹran. Ambrose mú wọn lọ sídìí àtẹ̀gùn, ó gbé pákó àtẹ̀gùn kan sókè, ihò dúdú sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́ tí òfin ka ìjọ Àgùdà léèwọ̀, tí àwọn ìránṣẹ́ ọbabìnrin ń dọdẹ àwọn fàdá kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá Thackwell máa ń kó wọn sí. Ibẹ̀ náà ni Budd kọ́kọ́ wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ ju eku lọ.

Crake bọ́ sínú ihò náà bó ti ga tó. Ìgbà tó jáde, okùn aláǹtakùn ti dé e lórí bíi fìlà.

"Ṣé àwọn ìránṣẹ́ ọbabìnrin rí ihò yìí nígbà náà?"

"Àìmọye ìgbà," ni Ambrose wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tí àwọn àlejò fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyẹn. Wọ́n á rí i, wọ́n á tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n á bá a ní òfìfo, wọ́n á lọ."

"Àwọn fàdá ńkọ́?"

"Wọn ò rí ẹyọ kan mú rí."

"Ó mà yà mí lẹ́nu o," ni Crake wí, ó sì fun imú rẹ̀.

*

Wọ́n padà sí pálọ̀. Ìyá Tabitha ti wà níbẹ̀ lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìbora lórí itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yè kooro. Giles àti Ambrose, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Verity náà, ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ààrò pálọ̀ yẹn, àgbàlagbà lè dúró sínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má kan òkè. Lára òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ dé, ihò kékeré kan wà tó dà bí ilé ẹyẹlé. Inú ihò náà ni bàtà ọmọdé kan wà, awọ rẹ̀ ti kákò, ó sì ti dúdú. Ọmọ tó ni ín ti di erùpẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó kọ́ ilé náà ló fi í síbẹ̀, láti ìgbà náà kò sì sí ìyàwó, ìránṣẹ́ tàbí ọlọ́pàá tó jẹ́ na ọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, wọ́n á gbá ibẹ̀ kù. Nígbà tí Budd ń wá Verity kiri, ó wo inú ìkòkò ìfọṣọ, ó wo inú àpótí, ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú bàtà yìí, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì kọjá.

Crake tẹ̀ síwájú, ó fi imú rẹ̀ tó pupa sún mọ́ ihò náà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Tabitha wí láìyí orí padà.

Crake tọrọ àforíjì. Òkúta ẹnu ihò náà nìkan ló fi ìka kàn, lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ahọ́n. Marian rí i, ó sì kórìíra Crake díẹ̀ nítorí ìyẹn. Ọmọ òun sọnù, ọkùnrin yìí sì ń lá eruku.

"Ìyá, bí mo bá gbé e, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Ikú á mú ẹnìkan nínú ilé yìí. Ibi yòówù tó bá gba ihò èéfín wọlé, inú bàtà yẹn ló ń há sí. Ẹni tó bá gbé e kúrò ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn."

"Ọmọdé ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé kì í gbélé."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ọmọ òun nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kò burú. Bí ọwọ́ ọmọ bá ṣèèṣì kàn án, kí ó sáré bu iyọ̀ díẹ̀ sẹ́nu ihò náà, kí Ikú tó yíjú wò ó. Òun kọ́ Giles, òun kọ́ Ambrose, òun kọ́ Verity. Òun kò kọ́ ẹlòmíràn. Marian, tó ti jẹ́ ìyàwó ilé náà fún ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, kò gbọ́ ọ rí títí di ọjọ́ yẹn. Ó dùn ún pé ilé yìí ṣì ní ohun tí kò fi hàn án.

Crake dúpẹ́. Ó ní òun fẹ́ jáde lọ wo ojú ilé náà kí òjò tó tún dé, ó sì sọ fún Budd pé kó dúró sí gbọ̀ngàn.

Bó ti jáde ni Ambrose pa ọwọ́ pọ̀, ó ní pálọ̀ tutù ju bó ti yẹ lọ.

"Marian, ọkùnrin yẹn tutù rinrin. Ẹ jẹ́ kí a dáná fún un. Igi ti wà nínú ààrò tẹ́lẹ̀."

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ààrò ńlá yẹn ń jó. Láàárín ara wọn, sítóòfù kẹrosíìnì kékeré kan tó wọn, wọ́n á fi ìbora bo ẹsẹ̀, wọ́n á ní kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ààrò ńlá, tàwọn àlejò ni. Ṣùgbọ́n àlejò wà nínú ilé lónìí, kò sì sí obìnrin kan ní gbogbo agbègbè náà tó máa fẹ́ kí wọ́n sọ pé àlejò gbọ̀n nínú pálọ̀ òun. Marian kúnlẹ̀. Ó tu ú lára díẹ̀ pé ó rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣá ìṣáná náà, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ iná náà títí ó fi ràn. Ambrose dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó.

*

Iná gbà dáadáa. Ìyá Tabitha na ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Ẹ kú iná o," ló wí. "Kòkòrò yẹn náà sì jẹ́ ká sinmi lónìí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ mọ́, mà?"

Marian ní òun kò gbọ́ ọ. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń kan inú ògiri pálọ̀: kó, kó, kó, á dákẹ́, á tún kàn án. Kò sí ilé onígi àtijọ́ tí kò ní i. Kòkòrò kan ni, tó ń jẹ inú óákù, tó ń fi orí kan igi nínú òkùnkùn. Aago Ikú ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní bí ó bá ti ń kàn, ẹnìkan nínú ilé náà ń kú lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ambrose ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun ló ní, "Aago Ikú ni o, Marian, ẹ má dá a lóhùn." Ẹ̀rù ba Marian débi pé kò lè dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ó ń gbọ́ bí kòkòrò náà ti ń ka ẹ̀mí ọmọ rẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kó dákẹ́. Láàárọ̀ yìí ló dákẹ́. Òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí òun rò nígbà tó dákẹ́.

Ìgbà tó gbójú sókè, Crake wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tọrọ àforíjì.

"Ìyáàfin, yàrá wo ló wà lábẹ́ ọ̀pá èéfín ìpẹ̀kun òsì?"

"Kò sí yàrá kankan níbẹ̀. Ọ̀pá irọ́ ni. Bàbá àgbà Giles ló mọ ọ́n sórí ihò afẹ́fẹ́ àtijọ́ kan, kí òsì lè bá ọ̀tún dọ́gba. Kò ní ààrò nísàlẹ̀."

"Ó ń rú èéfín."

"Kò lè rú èéfín."

"Ó ń rú èéfín, láti ìgbà tí ẹ ti dá iná yìí. Kí ni Ìyá ní ó dákẹ́ lónìí?"

Marian sọ ọ́ fún un. Ohùn rẹ̀ jìnnà sí i létí ara rẹ̀.

"Aago Ikú," ni Crake wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ní oṣù Kọkànlá. Ìyáàfin, ìgbà ìrúwé ni kòkòrò yẹn ń kan igi, tí akọ fi ń pe abo. Nígbà òtútù, oorun ló ń sùn."

Kò sí ẹni tó sọ fún Marian ohun tó kù. Ó kàn mọ̀ ni. Ó gbé ìkòkò tíì, ó da gbogbo rẹ̀ sórí iná náà, ó da wàrà lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán fa igi tó ń jó jáde. Crake ń fi ẹsẹ̀ gbá wọn sórí òkúta, ó ń ké sí Budd pé kó gbé omi wá. Èéfín bo pálọ̀. Ìyá Tabitha ń wúkọ́, ó ń bèèrè pé kí ló dé, kí ló dé.

Nígbà tí Budd ti pa iná náà tán, Crake yíjú sí ògiri ààrò, ó sì ń sọ̀rọ̀ kánkán báyìí. Ó ní ihò abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ṣe é kí wọ́n lè rí i ni. Ẹni tó ń wá nǹkan, tó bá ti rí ihò kan, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á gba ilé lọ. Fàdá wà níbòmíràn, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ó ní ohun tí wọ́n fi tan àwọn ìránṣẹ́ ọbabìnrin náà ni wọ́n fi tan òun.

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́," ló wí. "Ẹnu ògiri yìí wà níbi tí kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ẹnìkan ti gbé bàtà yẹn láìpẹ́, ẹ̀rù sì bà á. Gribble ò mọ̀ nípa iyọ̀. Ìyáàfin ò mọ̀. Àwọn mẹ́ta tí Ìyá kọ́ ló mọ̀. Ọ̀kan ti kú. Ọ̀kan wà nínú ògiri."

Ìyá Tabitha yí ojú rẹ̀ tó ti ń lọ sí ibi tí Ambrose dúró sí.

"Ambrose," ló wí. "Ọmọ mi."

Ambrose kò wo arúgbó náà. Marian ló ń wò, nítorí Marian ti na ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti bó sínú ihò náà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ambrose wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọ kékeré. "Marian, ẹ jọ̀ọ́. Ikú á wọlé."

Marian gbé bàtà náà jáde. Ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Lábẹ́ rẹ̀, irin kan wà tó dà bí ahọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan dún nínú ògiri. Pákó óákù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yà, ó ṣí díẹ̀, èéfín sì tú jáde láti inú òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀.

Verity wà ní ìjókòó, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, nítorí ibẹ̀ kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ dúdú, ètè rẹ̀ ti ya, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di bàtà aláwọ̀ ewé kejì mú ní ọrùn, gìgísẹ̀ bàtà náà sì ti jẹ tán nítorí ògiri tó ti ń fi kàn. Marian pe orúkọ rẹ̀. Ó tún pè é. Ó fà á jáde sórí òkúta ààrò tó kún fún tíì àti eérú, ó gbé orí rẹ̀ lé àyà, ó ń gbá a lẹ́yìn.

Ọmọ náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́, gbogbo ara rẹ̀ sì gbọ̀n. Ojú rẹ̀ là.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju atẹ́gùn lọ. "Mo ń gbọ́ yín. Mo kàn án, mo kàn án. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Títí Marian fi kú, kò rí èsì sí ọ̀rọ̀ yẹn.

*

Dókítà dé láti abúlé, ó ní ọmọ náà á yè. Ó ní bí iná yẹn bá jó díẹ̀ sí i, òun kì bá tí ní iṣẹ́ kankan ṣe. Ó di aṣọ mọ́ ọwọ́ Marian méjèèjì.

Ẹnu Verity ni wọ́n ti gbọ́ ìyókù, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi èékánná ha pákó gbígbẹ́ kan nínú yàrá òkè, funfun igi tuntun sì yọ lábẹ́ ọ̀dà. Àwọn pákó àtijọ́ tí ilé náà fi ń yangàn ti lọ. Ambrose ti ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tà wọ́n fún àwọn ará òkèèrè, ó ń fi ayédèrú dí ojú wọn. Verity wí fún un pé òun á sọ fún ìyá òun bí ilẹ̀ bá mọ́. Ambrose ní kó kọ́kọ́ mu kòkó, ó sì ti po oògùn oorun mọ́ ọn; inú ògiri ni Verity jí sí, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ débi pé kò lè ké. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló bá Gribble fà lẹ́nu géètì: Gribble ní kó sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọmọ náà ní kí òun fún àbúrò bàbá òun láyè kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ambrose kò jiyàn. Ó jókòó ní gbọ̀ngàn láàárín Budd àti Crake, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀ bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí Marian kọjá, ó gbójú sókè.

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Marian. Mo kàn ti ilẹ̀kùn ni. Ìyókù, ilé ló ṣe é."

"Ìyókù, èmi lo ní kí n ṣe é," ni Marian wí.

Wọ́n mú un jáde lọ sínú ọkọ̀. Crake dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń wá aṣọ ìnujú rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì pé òun jẹ́ kí iná náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí Marian sì rí i pé ó dé inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tí wọ́n di aṣọ mọ́ kan apá Crake, ìyẹn náà sì tó.

Nígbà tó padà sí pálọ̀, Ìyá Tabitha ti dìde. Ó ti fi ọwọ́ wá ọ̀nà dé ilé ìdáná àti padà, abọ́ iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ihò ẹ̀gbẹ́ ààrò ṣófo. Bàtà ọmọdé náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tí Marian jù ú sí.

"Ẹ bu díẹ̀ sí i, mà," ni arúgbó náà wí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ gbé e, ọwọ́ yín ló gbọ́dọ̀ bù ú. Kíá, kí Ikú má bàa mú ẹnìkan nínú ilé yìí."

Marian wo ojú fèrèsé. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣì dúró nínú òjò. Ó ń rí ẹ̀yìn orí Ambrose nínú rẹ̀, orí tó jọ ti Giles púpọ̀, orí ọmọ ilé yìí. Lókè, ó ń gbọ́ ikọ́ Verity.

Ó gba abọ́ náà, ó dé e, ó sì dá a padà sọ́wọ́ arúgbó.

"Ẹ fi se ọbẹ̀ fún Verity," ló wí. "Kò tíì jẹun."